Ẹ Kà Á Ní Àpò, Ẹ Má Kà Á Ní Náírà: Ìtọ́sọ́nà fún Oníbẹ́kíri Nígbà Tí Owó Ọjà Ò Dúró Lójú Kan

Láàárín Oṣù Kẹfà 2023 sí Oṣù Kejì 2024, dọ́là kan tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi ₦470 gòkè kọjá ₦1,500. Àlìkámà tí wọ́n ń lọ di fúláwà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ bẹ́kíri kógbá wọlé nígbà náà. Ohun tó yẹ kó yani lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú wọn ń jèrè nínú ìwé títí di ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n ra fúláwà, wọ́n yan búrẹ́dì, wọ́n tà á ju iye tó ná wọn lọ, wọ́n sì kọ èrè sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ dílà, owó ọwọ́ wọn ò ra iye àpò tí wọ́n rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú owó fi jó tán lábẹ́ èrè.

Ẹni tó ní ààrò kan tàbí méjì ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó ń yan búrẹ́dì Àgége tàbí èyí tí wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, ní ìlú tí iye fúláwà, dísẹ́ẹ̀lì àti owó ọkọ̀ lè yí padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Alásè, oníṣòwò oògùn àti aránṣọ lè yọ ohun tó bá kàn wọ́n níbẹ̀. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń po fúláwà. Bí ẹrù á ṣe máa dé déédéé, tí ojú owó ò sì ní bá a lọ, ni mo fẹ́ sọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣí ìwé mìíràn

Ẹ wá ìwé kan tó yàtọ̀ sí ìwé tí ẹ fi ń kọ ọjà tí ẹ tà. Ní alẹ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sínú rẹ̀: àpò fúláwà tó wà nílẹ̀, owó tó wà lọ́wọ́ àti ní báńkì, owó àwìn tí ó dá yín lójú pé ẹ máa gbà, àti gbèsè tí ẹ jẹ. Ẹ pe dílà, ẹ bi í léèló ló ń ta àpò kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má lo iye tí ẹ rà á kẹ́yìn, iye yẹn ti kú. Ẹ ro owó ọwọ́ pọ̀ mọ́ owó àwìn, ẹ yọ gbèsè kúrò, ẹ wá wo iye àpò tí èyí tó ṣẹ́ kù lè rà. Ẹ fi àpò tó wà nílẹ̀ kún un. Iye àpò tí ẹ bá rí ni ọrọ̀ yín.

Ká ní ẹ bẹ̀rẹ̀ oṣù pẹ̀lú àpò 40, tí ẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦50,000. Mílíọ̀nù méjì náírà nìyẹn. Ẹ yan án, ẹ tà á, ẹ san owó òṣìṣẹ́, dísẹ́ẹ̀lì, ṣúgà àti gbogbo ìnáwó tó kù, ₦2,200,000 sì wà lọ́wọ́. Ìwé títà á ní ẹ jèrè ₦200,000. Ṣùgbọ́n àpò ti di ₦60,000 ní ọ̀sẹ̀ yẹn. ₦2,200,000 ò lè ra ju àpò 36 lọ. Àpò mẹ́rin ti lọ. Bí ẹ bá wá mú ₦200,000 tí ìwé pè ní èrè, tí ẹ fi gba aṣọ ẹbí, tí ẹ fi san owó ilé ìwé, àpò 33 ló kù. Bẹ́kíri tó ń ṣe báyìí fún oṣù mẹ́ta mìíràn ò ní nílò ọ̀tá.

Òfin tí mo máa ń tọ́ka sí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má ná èrè tí kò bá hàn nínú ìwé àpò. Bí àpò 40 bá di 43, mẹ́ta yẹn ni ẹ jẹ. Bí ó bá di 39, kò sí èrè lóṣù yẹn, ohun yòówù kí náírà máa wí. Àwọn ìyá wa tó ń ta gàárì lọ́jà mọ èyí dáadáa. Ẹ bi wọ́n bí ọjà ṣe rí, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á ní àwọn ò lè “rà á padà” ní iye yẹn. Ìdí tí wọn kì í fi í tà nìyẹn, kì í ṣe agídí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tọpa ẹrù kọ̀ọ̀kan lọ sẹ́yìn

Ẹ má jẹ́ kí ojú yín mọ sọ́dọ̀ dílà. Ẹ mú pépà kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó ń wọ inú búrẹ́dì yín àti ohun tó ń gbé e jáde, kí ẹ sì bi ara yín pé ta ló tà á fún ẹni tó tà á fún yín, àti pé níbo lòun náà ti rí i. Ìgbésẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó kéré tán.

Fúláwà: àlìkámà láti òkè òkun, èbúté, ilé ọlọ, dílà ńlá, dílà kékeré, ẹ̀yin. Ṣúgà: Brazil ni ọ̀pọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń sẹ́ ní Èkó ti ń wá. Yíìsì: ìlú òyìnbó tàbí Éṣíà, nínú páálí. Ọ̀rá búrẹ́dì: wọ́n lè tẹ orúkọ yín sí i ní Muṣin, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ra ohun tí wọ́n fi ṣe é. Dísẹ́ẹ̀lì: kí ilé ìfọpo Dangote tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Oṣù Kìíní 2024, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, iye rẹ̀ títí di òní sì ń bá iye epo rọ̀bì àti dọ́là rìn. Ohun tó jẹ́ tiwa pátápátá kò ju omi, igi ìdáná àti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmì sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì kan fún ohun tí dọ́là ń tì, òmíràn fún ohun tí ọ̀nà ń dá dúró, ẹ̀kẹta fún ohun tí ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ń yí padà. Ohun tí pépà yìí máa fi hàn yín ni àwọn ohun tí á jọ ṣubú lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn ti pín ewu nítorí pé àwọn ń ra fúláwà lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n sì ń ra ṣúgà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹrù méjèèjì bá gba Àpápá jáde, tí wọ́n sì gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn wá, ẹrù kan náà ni wọ́n. Àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí pẹ́ á rántí ọdún tí tírélà ń sùn sójú ọ̀nà Àpápá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí ìjọba tó gbé ohun tí wọ́n pè ní Ètò kalẹ̀ ní Oṣù Kejì 2021 láti máa pe ọkọ̀ wọlé lórí fóònù. Èbúté Lekki bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ìyẹn sì dín ẹrù tó wà lórí Àpápá kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ọlọ kì í ṣí kúrò níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Ilé ọlọ wà ní Calabar àti Kano pẹ̀lú. Ó dára kí ẹ mọ ẹni tó ń kó tiwọn wá sí àdúgbò yín, kódà bí ẹ ò bá tíì rà á rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ọjọ́ díwọ̀n ẹrù tó wà nílẹ̀

“Ẹrù ṣì wà nílẹ̀ dáadáa” kì í ṣe ìdáhùn. Ọjọ́ mélòó ló máa gbé yín?

Bẹ́kíri kan ń lo àpò 10 lójúmọ́. Bí wọ́n bá pe dílà, ẹrù ń dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n nínú ọdún tó kọjá, ìgbà kan wà tí ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kó tó dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n, ẹ gbàgbé ọjọ́ méjì. Ìyẹn ni pé nígbà tó bá ku àpò 90, ẹ pe dílà. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, àpò 70 á ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí tuntun bá dé, 70 yẹn sì ni irọ̀rí yín, ìyẹn ẹrù tí á gbé yín ró bí tuntun bá pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí nǹkan ò bá lọ dáadáa, ẹ ó ṣì máa yan búrẹ́dì nígbà tí ààrò àwọn yòókù bá tutù.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Àpò 90 ní ₦60,000 jẹ́ ₦5,400,000, ta ló ní i? Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan náà mú gbogbo ẹrù. Ẹ tún pépà ìgbésẹ̀ kejì wò, kí ẹ wá àwọn ohun tí kò gbówó lórí ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ò lè lọ láìsí i. Yíìsì ni àkọ́kọ́. Owó rẹ̀ nínú búrẹ́dì kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀ láàárín òru. Yíìsì gbígbẹ tí wọn ò tíì ṣí lè pẹ́ nílẹ̀ ju ọdún kan lọ níbi tútù tó gbẹ; ẹ ra ti oṣù méjì. Ọ̀rá tí orúkọ yín àti nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ ra ti oṣù méjì, torí pé atẹ̀wé kì í fi ìkánjú ṣiṣẹ́ fún oníbàárà kékeré. Iyọ̀. Bẹ́líìtì àti àwọn ẹ̀yà jẹnẹrétọ̀ tó máa ń bàjẹ́. Bẹ́líìtì ti ẹ̀rọ tó ń po fúláwà. Gbogbo wọn lápapọ̀ lè má tó owó àpò mẹ́wàá, wọ́n sì máa ń dá bẹ́kíri dúró ju fúláwà fúnra rẹ̀ lọ.

Fún fúláwà, ẹ sún mọ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn bí agbára yín bá ṣe tó. Bẹ́kíri mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fọkàn tán ara wọn lè jọ gba tírélà kan, kí wọ́n pín in. Owó ọkọ̀ á dínkù, dílà á sì kà yín sí oníbàárà ńlá. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i, pé ta ló ni àpò tó bá ya tàbí tó bá tutù lójú ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ ò dí ìwé lọ́wọ́.

Àti ibi tí ẹ máa kó o sí. Fúláwà ò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri: ẹ gbé e sórí pákó, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó wọlé sára àpò, kí èyí tó kọ́kọ́ dé kọ́kọ́ jáde. Ní ìgbà òjò, ẹ má kó o pamọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kòkòrò á wọ̀ ọ́, ọ̀rinrin á sì mú kí omi tí ẹ fi ń pò ó má wọ̀n dọ́gba mọ́.

Ọ̀rọ̀ yíyá owó láti fi ra fúláwà pamọ́ wà níbí, ó sì yẹ ká ṣe é ní ìṣirò. Ní Oṣù Kọkànlá 2024, èlé tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ dé 27.5%, báńkì tó ń yáni lówó sì ń gbà ju 30% lọ lọ́dún. Ká ní ẹ yá ₦3,000,000 ní 3% lóṣù, ẹ sì fi ra àpò 50 ní ₦60,000. Èlé oṣù kan jẹ́ ₦90,000, ìyẹn ₦1,800 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Bí àpò ò bá ní gbówó lé ju ₦1,800 lọ lóṣù yẹn, báńkì lẹ ń ṣiṣẹ́ fún. Iye ọjà sì lè bọ́ sílẹ̀. Ní 2025, iye ìrẹsì, àgbàdo àti ẹ̀wà já wálẹ̀ láti ibi gíga tó dé ní 2024, àwọn tó yá owó kó o pamọ́ ní ìrètí pé á tún gòkè sì jẹ gbèsè. Ẹrù ọjọ́ mẹ́sàn-án ń dáàbò bo iṣẹ́. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ ti di tẹ́tẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Dílà méjì, ó kéré tán, ṣùgbọ́n kí ẹ wo ẹ̀yìn wọn. Bí àwọn méjèèjì bá ń gba ẹrù níbi kan náà, dílà kan ṣoṣo lẹ ní. Ẹ wá ẹnì kejì tí fúláwà rẹ̀ wá láti ilé ọlọ mìíràn, tàbí tó gba ọ̀nà mìíràn wọ ìlú. Ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta lè máa gbà láti Sángo, kó sì ní ẹnì kan sí ìhà Ìbàdàn.

Ẹ pín in bíi méje nínú mẹ́wàá fún ẹni àkọ́kọ́, mẹ́ta fún ẹnì kejì. Ẹ má ṣe fi ẹnì kejì sílẹ̀ fún ọjọ́ wàhálà nìkan. Ẹni tí ẹ ò rà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí ẹ wá pè lọ́jọ́ tí fúláwà wọ́n bí ojú, àwọn oníbàárà rẹ̀ ni á kọ́kọ́ tà fún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kà á sí ìnáwó iṣẹ́ bí ẹ bá yà níbi ìsọmọlórúkọ dílà tàbí tí ẹ fi ẹnì kan ṣojú yín níbẹ̀. Kì í ṣe fún ìgbádùn.

Fúláwà ilé ọlọ kan ò rí bíi ti èkejì. Ó lè mu omi jù, ó lè má ga dáadáa. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi ti dílà kejì yan búrẹ́dì ọjọ́ kan, kí olórí aláàrò kọ ìwọ̀n omi àti yíìsì tó bá a mu sílẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọjọ́ tí tàkọ́kọ́ ò bá wá, kò sí ẹni tí á máa dán nǹkan wò lórí ọjà oníbàárà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní bromate tan yín pé òun lè mú fúláwà tí kò dára ga sókè: NAFDAC ti fòfin dè é, ẹnu ọmọ èèyàn ni búrẹ́dì ń lọ.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́?

Gbogbo ìgbà tí dọ́là bá gòkè ni ẹnì kan á dìde láti béèrè ìdí tí a ò fi yan búrẹ́dì ẹ̀gẹ́. Ìbéèrè tó dára ni. Nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn lábẹ́ Goodluck Jonathan, ìjọba polongo búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ kíkankíkan, IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, sì ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí bí wọ́n ṣe lè da ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ti àlìkámà. Kò sí irọ́ nínú pé ó ṣeé ṣe. Bí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ò bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ọ̀pọ̀ oníbàárà ò ní mọ̀. Bó bá ti ń pọ̀ sí i, búrẹ́dì á máa wúwo, á sì máa rún, torí pé ẹ̀gẹ́ ò ní ohun tó ń jẹ́ kí fúláwà àlìkámà fà bíi rọ́bà tó sì ń gbé e ró.

Wàhálà rẹ̀ wà lẹ́yìn, ní ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá wú lónìí ti ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Èyí tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ò sì gbọdọ̀ kan rárá. Wọ́n ní láti bó o, rin ín, fún omi rẹ̀, kí wọ́n sì sá a gbẹ lọ́jọ́ kan náà. Ní ìgbà òjò, ẹ̀rọ ló ń gbẹ ẹ́, dísẹ́ẹ̀lì sì ni ẹ̀rọ ń mu, nítorí náà dọ́là tí a ń sá fún tún pàdé wa lójú ọ̀nà. Lékè gbogbo rẹ̀, nígbà tí gàárì bá gbówó lórí, àgbẹ̀ á ta ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó ń yan gàárì, wọn ò sì jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí ẹrù yìí fi ń ségesège.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lò ó bí àfikún. Ẹ wá ilé iṣẹ́ kan nítòsí tó ń ṣe ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ aláìkan, ẹ lò ó níwọ̀nba nínú irú búrẹ́dì kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa fi ìwé àpò wò ó bóyá ó ń dín ìnáwó kù lóòótọ́. Oṣù tí gàárì bá wọ́n, ẹ yọ ọ́. Ẹ má gbé orúkọ bẹ́kíri yín lé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwìn àti iye búrẹ́dì

Búrẹ́dì tí ẹ kó fún àwọn tó ń gbé e kiri, tí wọn ò tíì san owó rẹ̀, fúláwà yín ló wà lọ́wọ́ wọn. Bí ìyá kan bá kó búrẹ́dì àpò méjì lónìí, tó sanwó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí àpò ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹ ti fún un ní ₦10,000, ẹ ò sì gbọ́ ẹ ṣé. Àwìn ọjọ́ kan ṣeé fara mọ́: kó tàná sílẹ̀ kó tó kó tòní. Ẹni tó bá kọjá ọjọ́ mẹ́ta, kó má kó òmíràn. Mo mọ̀ pé ojú ń tini láti sọ ọ́ fún àgbàlagbà, ẹ kúkú lẹ òfin náà mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì jẹ́ kí akọ̀wé yín máa sọ ọ́.

Lórí iye, ẹ wá nọ́ńbà kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ á mọ̀ sórí. Bí àpò kan bá ń fún yín ní búrẹ́dì 100, gbogbo ₦1,000 tó bá gun orí àpò, ₦10 ló gun orí búrẹ́dì kan. Àpò lé ní ₦3,000? Búrẹ́dì lé ní ₦30. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ₦30 lé búrẹ́dì, ṣéńjì ò sí. Nítorí náà, ẹ máa ṣàkójọ rẹ̀: ẹ kọ ₦30 sílẹ̀, nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì àti ṣúgà bá tún fi ₦20 kún un, ẹ gbé ₦50 lé e lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sọ fún àwọn oníbàárà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Kí ìyípadà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ sàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta tó bá wọn lójijì.

Àwọn kan máa ń dín búrẹ́dì kù dípò kí wọ́n fowó lé e. Kò burú, bí ìwọ̀n tuntun bá wà lára ọ̀rá. Bí ọ̀rá bá ṣì ń pe ìwọ̀n àtijọ́, irọ́ ni, ìjọba sì lè ti ibẹ̀ mú yín.

Ilé ìwé, hòtẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ń ṣe ìnáwó máa ń fẹ́ iye tí kò ní yí padà fún oṣù mẹ́ta. Ẹ má gbà. Ẹ fún wọn ní iye ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí fúláwà bá fi ju ₦2,000 gòkè tàbí wálẹ̀, iye búrẹ́dì á bá a yí. Ọ̀rọ̀ “wálẹ̀” yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iná méjì

Ní Oṣù Kẹrin 2024, iye iná mànàmáná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, fò láti ₦68 sí ₦225 fún wákàtí kílówáàtì kan, lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́kíri tó ń fi iná nìkan yan búrẹ́dì kò rí ibi sá sí. Bí ẹ bá ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ẹ ní ohun tí ẹ lè yí sí: gáàsì, tàbí ààrò amọ̀ onígi tó ti wà nílẹ̀ láyé àtijọ́ tí ẹ ò wó. Ẹ yan nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó má baà ya, kí ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ má sì kúrò níbẹ̀. Sólà ò lè gbé ààrò ńlá, ṣùgbọ́n ó lè gbé gílóòbù, fáànù àti POS, ìyẹn sì ń dín wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ń ké kù.

Ìgbésẹ̀ keje: ìròyìn wo, kí lẹ máa ṣe sí i

Ẹ yan nǹkan mẹ́ta péré láti máa wò: iye dọ́là ní ọjà, iye dísẹ́ẹ̀lì níbi tí ẹ ti ń rà á, àti iye àpò lọ́dọ̀ dílà méjì. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ ní Mọ́ńdè àti Fúráìdè. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ ó rí ohun tí gbogbo oníbẹ́kíri ń ráhùn nípa rẹ̀: bí dọ́là bá gòkè, àpò á gòkè lọ́sẹ̀ yẹn, bí dọ́là bá wálẹ̀, àpò á dúró sórí òkè fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á ní ẹrù àtijọ́ làwọn ṣì ń tà.

Kí ẹ ti pinnu ṣáájú, kí ẹ̀rù tó bà yín. Fún àpẹẹrẹ: bí dọ́là bá fi ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ra yíìsì, ọ̀rá àti fúláwà tó kún irọ̀rí yín lọ́jọ́ náà, àwìn á sì dúró. Bí ó bá wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra, ẹ máa ra díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìkéde. Ní Oṣù Keje 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé fún 150 ọjọ́, wọn ò ní gba owó ibodè lórí àlìkámà, àgbàdo, ìrẹsì aláwọ̀ ilẹ̀ àti ẹ̀wà tó bá wọlé. Àwọn kan dá ríra dúró lọ́jọ́ náà, wọ́n ń retí kí ọjà já wálẹ̀. Láti ẹnu mínísítà dé ẹnu ọ̀nà dílà, ọ̀pọ̀ ìwé, ọkọ̀ òkun àti oṣù ló wà láàárín. Ìgbà tí iye bá yí lọ́wọ́ dílà yín ni kí ẹ ṣe ohun tó yẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ dán an wò

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ pe olórí aláàrò, akọ̀wé àti awakọ̀ jókòó fún wákàtí kan. Ẹ mú ohun kan tó ti ṣẹlẹ̀ rí, kí ẹ sì béèrè pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, kí la máa ṣe lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ karùn-ún, lọ́jọ́ kẹwàá? Kò yẹ kí ẹ fojú inú wá nǹkan kan, ìrírí ti kún ilẹ̀. Wọ́n ti ẹnubodè Ìdìròkó àti Sèmè pa ní Oṣù Kẹjọ 2019, ó sì lé ní ọdún kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Kòrónà dé ní 2020. Ní ìparí Oṣù Kejì 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti òkè ọya dá ẹrù tó ń bọ̀ ní gúúsù dúró. Ogun Ukraine gbé àlìkámà lọ sókè ní 2022. Owó tuntun náírà dé, owó bébà ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láàárín Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹta 2023, áàpù báńkì sì ń há. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní òpin Oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ sì fò sókè kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ti owó bébà yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ó ń tú àṣírí bẹ́kíri jù lọ. Báńkì mélòó ni àwọn oníbàárà lè san owó sí? Bí áàpù ọ̀kan bá há, ṣé nọ́ńbà èkejì wà lára ògiri? Ṣé dílà yín á gba owó tí ẹ fi ránṣẹ́, ṣé ó mọ̀ yín débi pé á fún yín lẹ́rù kí owó tó wọlé fún un? Àwọn ìyá tó ń gbé búrẹ́dì kiri ńkọ́, ta ló ní POS nínú wọn? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ “a ó máa wò ó”, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa yanjú rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa yanjú rẹ̀ sí iwájú ìbéèrè náà.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú ìjókòó náà kan ẹ̀yin fúnra yín. Nínú ọ̀pọ̀ bẹ́kíri, ọ̀gá nìkan ló ní nọ́ńbà dílà, òun nìkan ló mọ ẹni tó jẹ gbèsè, òun ló ń fọwọ́ sí owó ní báńkì. Bí ibà bá dá a gúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹrù ti dúró nìyẹn, láìsí ogun, láìsí ìkéde. Ẹ yan ẹnì kan, ìyàwó tàbí ọkọ yín, ẹ̀gbọ́n, tàbí akọ̀wé tó ti pẹ́. Ẹ mú un lọ kí àwọn dílà méjèèjì, kí wọ́n mọ ojú rẹ̀. Ẹ fún un ní ìwé àpò. Ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí òun nìkan pe ẹrù ọ̀sẹ̀ kan, kó ná an, kó sanwó rẹ̀, kó sì gbà á wọlé, kí ẹ̀yin má sì gbé fóònù títí ẹrù á fi wà lórí pákó.